Àpótí Ojú Fèrèsé

Rántíolú, àwòrán tí o fi ránṣẹ́ ní Kérésì èṣí
ṣì wà lórí fóònù mi.
Mo fi gíláàsì ojú wò ó, mo yọ gíláàsì, mo tún un wò.
Àpótí kan jókòó sí ojú fèrèsé rẹ,
ewé tútù kún un, èso pupa wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ lára wọn,
yìnyín bo gbogbo rẹ̀ bí iyọ̀ tí ọmọdé dà nù.
Òtútù yín kò pa ewé?
Ọyẹ́ tiwa ní Mọ́pà kì í ṣàánú ewé,
ó ń fà wọ́n mu ni
títí wọn ó fi máa dún bí bébà.

Ìlara mú mi, ọmọ mi. Mi ò ní purọ́.
Ìyá tí ń jowú ojú fèrèsé ọmọ rẹ̀!

Bí òjò ṣe ń dágbére, mo gun àkàsọ̀ lọ sí àjà
níbi tí bàbá rẹ to pákó ìrókò sí
tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.
O mọ ohun tí a fi èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ṣe.
Èyí tó ṣẹ́ kù kò ju ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta.
Dúrójayé, ọmọṣẹ́ rẹ̀, ló wá gé e.
Kò béèrè owó.
Ó gbé pákó sí imú, ó dákẹ́,
ó kan ìṣó mẹ́jọ, ó lọ.

Mo bu iyẹ̀pẹ̀ etí odò, mo bu eérú díẹ̀,
mo ṣa ìgbẹ́ ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé Arókoyọ̀,
gbígbẹ, rógódó, mo fi pò ó.
Níbo ni n ó ti rí èso pupa tìrẹ?
Mo gbin ṣọkọ, irú èyí tí orí rẹ̀ ń pọ́n bí ogbe àkùkọ.
Mo gbin ẹfínrín sí igun méjèèjì.
Mo ki hóró tannápọṣọ́ márùn-ún bọ àárín,
dúdú, híhunjọ, bí ojú arúgbó.

Kànga ti jìn sísàlẹ̀.
Omi tí mo fi ṣan ìrẹsì ni wọ́n mu,
omi tí mo fi ṣanwọ́ ni wọ́n mu.
Láàárọ̀, èmi a fi àkísà nu eruku ọyẹ́ lára wọn,
ewé kan, ewé kan,
bí ẹni ń nu imú ọmọ.
Àwọn tó ń bọ̀ láti ìsọjí a dúró:
"Òkun o, Ìyá Rántíolú! Ọbẹ̀ ni ẹ gbé kọ́ ojú fèrèsé un?"
Mo ní Kérésì ni.
Ẹ̀rín wọn gba ọ̀nà Ìsánlú lọ.

Kérésì ku ọ̀la. Mo lọ lọ ata, mo dé,
ewúrẹ́ Arókoyọ̀ ló dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bí oníwàásù,
pátákò rẹ̀ lórí pákó bàbá rẹ,
gbogbo orí pupa ti wọ ikùn lọ.
Mo gbé ìgbálẹ̀ sókè.
Mo sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀.
Ìgbẹ́ rẹ̀ ni mo yá láìtọrọ;
ó wá gba gbèsè rẹ̀, ó gba èlé lé e.
Ẹfínrín nìkan ni kò fẹnu bà.

Mo sunkún díẹ̀. Kì í ṣe nítorí ṣọkọ.
Lẹ́yìn náà mo já ewé tó kù nísàlẹ̀,
mo já ẹfínrín mọ́ ọn, mo sè é.
Èmi àti Dúrójayé la jẹ ẹ́.
Ó ní ó dùn, ó sì ń wo fèrèsé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Kérésì, o pè mí, ojú kojú.
O ní kí n yí fóònù, o fẹ́ rí ojú fèrèsé.
Mo ní ilẹ̀ ti ń ṣú. O ní kí n ṣáà yí i.
Mo yí i.
Láàárín kùkùté ṣọkọ, tannápọṣọ́ kan ti là,
ọ̀kan ṣoṣo, eruku ní etí rẹ̀.
Ìgbà yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá ọ dúró,
ẹnu rẹ ṣí sílẹ̀,
mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni, àbí o fẹ́ sọ̀rọ̀.
Mo gbé e dání bẹ́ẹ̀, mo kọjú yín síra,
títí bátìrì fi kú.