Ẹni Tó Ń Ránni Létí Lẹ́yìn Aṣọ

Èmi ni mo di ìwé mú lẹ́yìn aṣọ,
tọ́ọ̀ṣì há sí mi lábíyá.
Bí òṣèré bá gbàgbé, èmi ni mo ń rán an létí,
wúyẹ́wúyẹ́, bí eku tó ń jẹ èkùrọ́ lájà.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni, lẹ́yìn ilé ìlagi Ọdúnúgà.
Pákó tí a fi ṣe pèpéle kò tíì gbẹ,
ó ń rùn bí igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé,
ó sì ń han nígbàkígbà tí ọba bá tẹ̀ ẹ́.
(Káfíńtà ni ọba wa lọ́sàn-án. Páálí ladé rẹ̀.)

Ọdúnúgà ló ra epo sí jẹnẹrétọ̀.
Ó ti kọ́kọ́ ní, "Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe é,
kó lè dùn mọ́ àwọn àlejò mi láti Èkó."
A gbìyànjú ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.
Omijé ò bọ́ lójú ẹnikẹ́ni.
Mọ́désọ́lá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu mi ń ṣiṣẹ́,
ṣùgbọ́n inú mi ò mọ̀ sí i."
La bá padà sí Yorùbá,
Yorùbá inú ìwé, tí wọ́n lọ̀ bí aṣọ ìsìn.

Alẹ́ dé. Ìran kẹta.
Ìyá tó ti lọ fún ogún ọdún padà wálé,
ó bá ahoro, koríko ti hù lójú ààrò.
Ohun tó wà nínú ìwé ni: "Ibo ni ilé mi wà?"
Mọ́désọ́lá dúró. Ó wolẹ̀. Ó dákẹ́.
Mo rán an létí.
Mo tún rán an létí. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn.
Ó wá lanu, kò gba tèmi:
"Ulé," ó ní. "Ulé mi."
Fáwẹ̀lì kan péré ló yí padà.

Ó ku díẹ̀ kí n ké pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀,
ìka mi ti wà lórí ọ̀rọ̀ náà.
Ṣùgbọ́n lórí bẹ́ńṣì kẹta,
Ìyá Ọ̀ṣínówò, tí a ní etí rẹ̀ ti di,
dìde, ó dá a lóhùn bí ẹni wà lẹ́nu ọ̀nà:
ibi tó dúró sí yẹn gan-an ni, kó wọlé.
Ni àwọn ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe tiwọn,
ulé Ojówó tí ọ̀nà mọ́tò wó,
ulé tó jóná lọ́dún ẹ̀ẹ̀rùn ńlá,
ulé tí ọmọ tà láìsọ fẹ́nì kankan.
Ọba gbàgbé pé òun lọba, ó ń nu imú.
Àlejò Èkó kan ń wo bàtà rẹ̀;
àṣé ọmọ Atìkórí ni bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, olùdarí ní kí n tún ìwé ṣe.
Mo fi pẹ́ńsùlù pa lẹ́tà kan rẹ́,
mi ò tíì kọ nǹkan kan dípò rẹ̀.
Mọ́désọ́lá ò gbàgbé níbẹ̀ mọ́.
Tó bá kan ibẹ̀, mo máa ń pa tọ́ọ̀ṣì.