Ọwọ́ Méjì Lórí Ife Kan

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń la ẹja
ní Ísafjörður, níbi tí òkè ti ká omi mọ́.
Ẹja ń bọ̀, ọ̀bẹ ń lọ,
ẹja ń bọ̀, ọ̀bẹ ń lọ.
Ẹni bá fẹ́ ka iye ìgbà tí ọrùn ọwọ́ mi ń yí lóòjọ́,
oorun ni yóò gbé e lọ kó tó kà á dé ìdajì.

Ó kọ́kọ́ dà bí kòkòrò tó ń rìn lábẹ́ awọ.
Mo ní yóò lọ.
Kò lọ. Àtàǹpàkò mi kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́.
Mi ò lè de bọ́tìnnì,
mi ò lè ṣí ìgò oyin.
Irun Jagna ọmọ mi, bàbá rẹ̀ ló ń dì í,
ó ń dì í wọ́gọwọ̀gọ, ọmọ sì ń dúpẹ́.

Dókítà gbé ọwọ́ mi sójú ìmọ́lẹ̀,
ó ní egungun pé, kò síbi tó ṣẹ́,
kí n lọ sinmi.
Mo ní, ta ni yóò bá mi san owó ilé bí mo bá ń sinmi?
Ó wo fèrèsé.
Ọ̀gá wa nílé iṣẹ́ wo ọwọ́ kan náà, kò rí egbò.
Ìrora tí kò lẹ́jẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí rẹ̀?

Bí mo ṣe rí Hrefna nìyí.
Ilé búrẹ́dì ni, yìnyín ń bọ́ lóde,
ó jókòó sí kọ̀rọ̀,
ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife kékeré
bí ẹni gbé ọmọ ẹyẹ.
Kì í ṣe òtútù. Mo mọ bí òtútù ṣe ń gbé ife.
Mo gbé tèmi sókè bákan náà.
Kò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ló fi ti àga kan sọ́dọ̀ mi.

Ogún ọdún ló fi tẹ̀wé fún ilé ẹjọ́.
Ó mú mi lọ bá Maricel tó ń hun súwẹ́tà tà,
àti Eyvindur tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì
kí ìka méjì tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀.
Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ la máa ń wọ inú omi gbígbóná ìlú,
yìnyín lórí wa, ọwọ́ wa nísàlẹ̀,
oruku omi bo gbogbo ojú, a ò mọ ẹni tó ń sunkún.

Mi ò ní purọ́, omi kò wò mí sàn.
Ṣùgbọ́n Hrefna fún mi ní ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ dà bí ti ayùn,
Eyvindur kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìgbọ̀nwọ́ ṣílẹ̀kùn.
Maricel kì í pè é ní àìsàn:
ó ní rìsíìtì iṣẹ́ wa ni.
A tún jà. Eyvindur yọ́ lọ tẹ dùùrù lọ́dún Àjíǹde,
Hrefna kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì,
títí ó fi dé pẹ̀lú ọwọ́ wíwú,
tí Hrefna sì sún fún un nínú omi.

Láago mẹ́ta òru, bí iná bá wọ ìka mi,
mi ò lè tẹ ọ̀rọ̀. Bọ́tìnnì kan ni mo ń tẹ̀ lórí fóònù,
mo ń sọ pé, “Ó tún dé o.”
Ẹnìkan á dáhùn: “Ó wà níbí náà.”

Wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.
Lánàá, ọwọ́ mẹ́jọ tó ń dunni
la fi gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹja kúrò lórí iná.
Ó dànù díẹ̀.