Ọjọ́ Kẹta

Ọjọ́ kìíní, mo gbààwẹ̀ bí ọkùnrin.
Mo gba Òkè Ẹlẹ́rin lọ sílé ìwòsàn,
mo kọ́wọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ra ilẹ̀ ibẹ̀.
Èmi àti Ọlọ́run ti jọ sọ ọ́:
n ó kó oúnjẹ sílẹ̀,
Òun náà á dá ara Olátóún àbúrò mi padà fún un.

Ọjọ́ kejì, ẹnu mi ń rùn bí àwo tí a kò fọ̀.
Káṣú ti pọ́n, òórùn rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọ́ọ̀dù wọlé,
kò kan ilẹ̀kùn.
Ìlú wa yìí náà kò ràn mí lọ́wọ́:
Ògbómọ̀ṣọ́, tó jẹ́ pé nínú oríkì rẹ̀ pàápàá
wọ́n ti jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ!
Ta ní í gbààwẹ̀ já nínú irú oríkì bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ kẹta, mo ṣí Bíbélì lé itan.
Mo ń wá ibi tí àwọn ará ìgbàanì ti lágbára.
Orúnkún onísáàmù ni mo bá pàdé,
ààwẹ̀ ti sọ ọ́ di jẹ́lẹ́ńkẹ́, bíi tèmi.
Mo rí Èlíjà, akọni tó pe iná wálẹ̀,
tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, tó ní kí ikú máa bọ̀.
Áńgẹ́lì kò bá a wí.
Àkàrà orí ẹyin iná ló gbé wá, àti orù omi.
Ó ní kó jẹun, ọ̀nà ṣì jìn.

Mo rí Jésù náà, lẹ́yìn ogójì ọjọ́.
Mátíù kò fi bò: ebi pa á.
Ibẹ̀ ni mo ti ń kà lẹ́ẹ̀kejì
tí àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìjàlọ,
tí sìmẹ́ńtì dìde wá pàdé mi.

Nígbà tí mo lajú, nọ́ọ̀sì Ládùn
ti so omi iyọ̀ mọ́ mi lápá
lórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí ti Olátóún.
Àbúrò mi, tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ Àìkú,
rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró.
“Búọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ wá gbàdúrà fún mi,
àbí èmi ni n ó máa gbà á fún yín?”

Ó bu ẹ̀kọ nínú kọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó nà án sí mi.
Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Etí ṣíbí ń kan eyín mi.
N kò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ka ọjọ́ náà kún ààwẹ̀.
Ṣúgà kò tó nínú ẹ̀kọ ọ̀hún.
Mo gbé e mì.