Ìkòkò Tó Wà Lódìkejì

Ọnà lorúkọ odò wa.
Rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, ó di ọ̀nà,
ṣùgbọ́n fún ọdún gbọọrọ, kò sẹ́ni tó gbabẹ̀ kọjá
àfi ọ̀rá omi, àfi ẹsẹ̀ bàtà kan,
àfi òkú ajá nígbà òjò.

Àwa ń bẹ níhìn-ín, wọ́n ń bẹ lọ́hùn-ún.
À ń gbọ́ ikọ́ wọn lóru.
A mọ ọjọ́ tí wọ́n ń gúnyán,
a mọ orúkọ ọmọ wọn tó ń sá nílé ìwé
nítorí ariwo ìyá rẹ̀: Mùlíkátù o! Mùlíkátù!
Ká tó dọ́dọ̀ wọn, ọ̀kadà méjì ni,
ká lọ yí po ní Ríńgì Róòdù, ká sanwó lẹ́ẹ̀mejì,
ká fi ìdajì ọjọ́ wá ibi tójú ń rí.

Lọ́dún tí odò wọlé, ọmọ ọdún méje ni mí.
Omi wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò ìyá mi,
ó gbé e rọra, bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn.
Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan nà án sókè lódìkejì:
“Ẹ wá gbà á o!”
Ìyá mi juwọ́: “À ń bọ̀!”

À ń bọ̀ yẹn gba ọdún mọ́kàndínlógójì.
Ìyá mi kò débẹ̀. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà á.

Ẹ̀rùn tó kọjá, àwọn ọmọ Ládépò dé
tàwọn ti okùn àti èèkàn.
Wọ́n gé eèsún etídò, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́,
wọ́n fi pákó tẹ́ afárá kékeré.
Àwọn ará ìhín bínú: olè yóò gbabẹ̀ wọlé.
Ohun táwọn ará ọ̀hún náà sọ nípa wa gan-an nìyẹn.

Báyìí, kẹ̀kẹ́ ń sáré níbẹ̀.
Làsísì ń ti ọmọlanke iṣu rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni.
Bàbá Fọlọ́runṣọ́, tẹ́sẹ̀ rẹ̀ rọ,
ń yí táyà àga rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń súfèé,
àwọn ọmọ iléèwé ń yà fún un;
nígbà mìíràn wọn kì í yà.

Èmi náà rìn. Mo ka ìṣísẹ̀:
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin péré.
Obìnrin náà ti darúgbó. Ó wò mí títí,
kò béèrè orúkọ. Ó ní, “Ìkòkò lo wá gbà.”
Ó wà lẹ́yìnkùlé, ìdí rẹ̀ ti lu,
ata wẹẹrẹ hù nínú rẹ̀, ó pọ́n bí iná.
Mùlíkátù, tó ti di olùkọ́,
fẹ́ da erùpẹ̀ rẹ̀ nù kí n lè gbé e lọ.
Mo ní kó fi í sílẹ̀.
Mo já ata mẹ́wàá sápò.
Tó bá tán, mo ní, à ń bọ̀.