Ọmọ Ọdún Méjì

Iná ìkòkò ti kú lágbo ilé wa l'Ókèlélé,
eérú rẹ̀ ṣì ń mí.
Ìyá mi Àsímáwù jókòó lórí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀,
amọ̀ gbẹ sí i lábẹ́ èékánná.
Wọ́n ti múná lọ láti ìrọ̀lẹ́,
ojú sánmà wá là kedere.
Mo nawọ́ sí apá òkè Sóbí:
"Ìyá, ẹ wo ìràwọ̀ pupa yẹn.
Òmìrán ni. Ó ti darúgbó, ó ti wú.
Bí a bá gbé oòrùn tiwa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
hóró ọkà kan ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù.
Ayé kan wà tó ń yí i ká.
Ojú ò rí i o. Ìràwọ̀ náà ló ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀,
la fi mọ̀ pé nǹkan kan ń fà á láṣọ."

Ó ní, "Bí ọmọ ṣe ń ṣe ìyá rẹ̀ nídìí iṣẹ́."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Ṣé iná ò jó o?"
Mo ní ó jìnnà sí i. Ọdún kan ṣoṣo níbẹ̀,
ọgbọ̀n ọdún ni lọ́dọ̀ wa:
ààwẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n
kó tó padà síbi tó ti gbéra.

Ó dákẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò ka oríkèé ìka.
"Èmi tí mo ti pé márùndínláàádọ́rin,
ọmọ ọdún méjì ni mí níbẹ̀."
"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."
"N kò tíì já lẹ́nu ọmú."
"Bẹ́ẹ̀ ni."
"N kò tíì mọ baba yín." Ẹ̀rín pa á,
ó gbá mi létí ẹsẹ̀:
"Ta ló wá bí ọ, ìwọ onírọ́ yìí?"

A rẹ́rìn-ín títí ajá ilé kejì fi gbó.
Lẹ́yìn náà ló wá béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀,
"Jìbírílù ńkọ́?"
Àbúrò mi. Ọdún méjìdínlógún rèé.
Mo ṣírò ohun tí mo ti mọ̀.
"Níbẹ̀, Ìyá, kò tíì pé ọdún tó kú."

Kò wo ojú ọ̀run mọ́.
Ó ní, "Níbí náà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gbé amọ̀ tuntun kalẹ̀,
ó tẹ̀ba, ó ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká,
ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò létí ìkòkò.
Mo kà á dé ìyípo keje
kí àwọn ọmọ ilé-kéwú tó pariwo dé.