Lẹ́tà N

Wọ́n ní ká ti gbogbo fèrèsé, ká ká dígí etí méjèèjì mọ́ra,
ká wo ẹnu tí mọ́tò fi ń jẹ iná, kó má ṣí sílẹ̀.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ tẹ ìdérí ẹnu náà lẹ́ẹ̀mejì.
Bàbá ní, "Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kétu la ti ń bọ̀. Erùpẹ̀ pupa
ti sọ mọ́tò funfun di ọmọ ibẹ̀.
Ní Sákété, àwọn ọmọdé fìka yàwòrán sí i lẹ́yìn:
ewúrẹ́ kan, kò ní ìrù.

Bàbá mi, Mufútáù ará Ìlárá,
ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ta kpayó lẹ́bàá ọ̀nà.
Ẹ mọ àwọn ìgò náà, abikùn ràbàtà,
tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wọnú wọn, tí wọ́n ń dà bí oyin.
Ẹnu ló fi ń fa rọ́bà. Ó fà á títí
ìyá wa kò fi mọ òórùn ọkọ rẹ̀ mọ́, àfi ti ẹsánsì.
Mọ́tò tó gbé e lónìí kò mu nǹkan kan,
kò wúkọ́, kò kùn.
Láàárọ̀, ó bi mí pé, "O ò tíì tan án ni?"
A ti kọjá ọjà.

Ní Wàńdó, l'Ájàṣẹ́, ọmọ kan tó wọ bàtà rọ́bà ń juwọ́ sí wa:
ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ó tó. Ẹ fi sí N.
Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìjánu.
"Kí ni N yẹn ń wí?"
"Ó ní mọ́tò ò lọ, kò sì dúró.
Ẹni tó bá ń tì í ló ni ín."
Bàbá rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.
"Orúkọ mi nìyẹn láti ọjọ́ tí ẹ ti kó mi wá sílé yín."

Omi kọ́kọ́ dé bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn,
lẹ́yìn náà ó dé bí onílé.
Ọṣẹ bo iwájú, ọ̀sán di òru,
búrọ́ọ̀ṣì ńlá ń sọ̀ kalẹ̀ látòkè, gìrìgìrì.
"Iná ń bẹ lábẹ́ ìdí wa, omi ń bẹ lórí wa.
Ta ló ń jókòó sáàárín ọ̀tá méjì?"
"Wọ́n ti dí i, Bàbá. Omi ò lè rí iná."

Ó dákẹ́. Ó wá ní,
"Ká ní omi yìí wà n'Ílárá lọ́jọ́ Bílàwù."
Kò parí ẹ̀.
Ìgò kan, sìgá oníbàárà kan,
garawa mẹ́rin, kànga tó jìn,
yanrìn tí àwọn obìnrin ń fi ìró bù.
Ilé ìwé ni mo ti kọ́ ọ pé omi kì í pa iná ẹsánsì,
ńṣe ló máa ń gbé e rìn.
N ò sọ fún un rí. N ò sọ lónìí.

Mo dìde díẹ̀ kí n lè di ọwọ́ rẹ̀ mú,
mọ́tò rò pé mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Agogo dún. Búrọ́ọ̀ṣì dúró sókè bí ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀.
Ọmọ oníbàtà rọ́bà sáré dé, ó ń lu gíláàsì:
"N! N! Ẹ padà sí N!"
Bàbá pariwo dá a lóhùn,
"Ní sùúrù! Ọ̀rọ̀ là ń sọ!"

A ò sì sọ nǹkan kan.
Ọṣẹ ń yọ̀ bọ́ lójú dígí,
mo rí ọlọ́kadà kan níta, ó yanu, ó ń wò wá.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ wa jáde,
Bàbá yí mọ́tò ká. Ó ṣẹ́ku ìwo kan lára ewúrẹ́,
kò fọwọ́ kàn án.
Etí aṣọ rẹ̀ ló fi nu ẹnu tó ń jẹ iná, ó nù ún pẹ́.
Ó gbé ìka símú.
"Ọṣẹ ni," ló wí,
bí ẹni pé mo bi í.