Ìlú Tí Ọkọ Mi Tẹ̀ Dó

Aago mẹ́ta òru. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn,
aṣọ ìbora nìkan ni mo bá, ó tutù.
Mo mọ ibi tó wà.
Ó wà níwájú kọ̀ǹpútà tí Venla, ọmọ ọmọ wa, fi sílẹ̀,
ó ń tẹ ìlú dó.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Reijo ò mọ eku kọ̀ǹpútà
yàtọ̀ sí eku inú àjà.
Lónìí, ẹgbẹ̀wá ènìyàn ló wà lábẹ́ àkóso rẹ̀,
wọn ò tóbi ju èèrà lọ,
wọ́n ń ru igi, wọ́n ń wa kùsà,
wọ́n ń bímọ láìgba àṣẹ.
"Taimi, wá wò ó, wọ́n tún bí mẹ́rìndínlógún!"
Bíi pé òun ló rọbí.

Mo gbé kọfí mi, mo jókòó tì í.
Òṣùwọ̀n wà lókè: igi, ọgọ́rin. Oúnjẹ, ọ̀ọ́dúnrún.
Ìdùnnú ará ìlú, ìdá mọ́kànléláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo ní, "Ta ló ń wọn ìdùnnú?"
Ó ní ẹ̀rọ ni.
Mo ní kó wọn tèmi wò.
Kò gbọ́. Igi ti ń tán.

Etí odò ló kọ́ ilé iṣẹ́ ìwé sí.
Èéfín rẹ̀ funfun, ó ń tẹ̀ sí apá òkun
bí tiwa ṣe máa ń tẹ̀ láyé ọjọ́un,
kí àwọn ọkùnrin oníkóòtù tó ti Helsinki wá
pẹ̀lú lẹ́tà kan ṣoṣo.
Ọdún mọ́kàndínlógójì ni Reijo fi gbọ́ ariwo ẹ̀rọ yẹn.
Lẹ́tà kan ṣoṣo,
lórí ìwé tí àwa fúnra wa ṣe.

Nínú eré náà, olùdámọ̀ràn kan wà,
orí lásán, kò lẹ́sẹ̀, ó so táì mọ́rùn.
Ó ní: ilé iṣẹ́ yìí ń jẹ owó ju èyí tó ń pa wọlé lọ.
Ó ní: tì í.
Bọ́tìnnì pupa kan ń ṣẹ́jú.
Ọkọ mi wò ó bí ẹni tó rí ejò lórí àkéte.
"N ò tì í."
Ó fi kún owó orí. Ó ta ọkọ̀ ojú omi.
Ó pa iná gbogbo òpópónà ìwọ̀ oòrùn.
Ó gé igbó ẹ̀yìn ilé ìwé,
igi tí kò tíì ga tó èjìká.
Àwọn èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù,
wọ́n ń gba orí afárá kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èjèèjì,
bí ìdílé Kemppainen ṣe lọ,
tí wọ́n ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan péré làwọn ń lọ lò,
tí wọ́n sì gbé dùùrù dání.

Nígbà tí otútù dé, ìdùnnú di mẹ́sàn-án.
Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, lẹ́tà funfun jáde:
Ìlú rẹ ti tú.

A ò sọ̀rọ̀. Òjò dídì ń bọ́ lẹ́nu fèrèsé,
oòrùn ò ní yọ kó tó di aago mẹ́wàá.
Mo rò pé yóò sunkún. Ká sòótọ́, mo fẹ́ kó sunkún,
torí lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ wa,
ṣe ló lọ tún ṣéènì kẹ̀kẹ́ ṣe.
Ó ní, "Mo ti rí àṣìṣe mi. Igbó ni."
"Igbó wo?"
"Ó yẹ kí n máa gbin méjì fún ọ̀kan tí mo bá gé."

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Ta ló bi àwọn tó sùn sínú rẹ̀?

Ilẹ̀ tuntun tẹ́ lọ rẹrẹ: odò kan, kò sí ipa ẹsẹ̀.
"Kí la máa sọ ọ́?"
Mo ní kó sún.
Mo gba eku lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbóná bí ohun ẹlẹ́mìí.
Kí n tó kọ́ ilé kankan, mo gbin igi.
Ó ní mo ń fi owó ṣòfò.
Mo ní kó dákẹ́,
kó lọ gbé omi kọfí kaná.